Àǹtí Ardella, Tó Ń Fi Ìbọ̀sẹ̀ Mọ Ìwà

Tí ẹ bá fẹ́ mọ irú ènìyàn tí agbábọ́ọ̀lù kan jẹ́, ẹ má lọ bi kóòṣì ẹ̀. Irọ́ ni kóòṣì máa pa fún yín. Tí ọmọ ẹ̀ bá rí ẹgbẹ́ ńlá wọ̀, òun náà á gbayì, àwọn òbí mìíràn á sì máa kó ọmọ wá bá a. Ẹ má sì lọ bi ìyá ọmọ, torí kò sí ìyá tó máa ní ọmọ òun burú. Ilé ìfọṣọ ni kí ẹ lọ, lábẹ́ pápá ìṣeré Kọ́lẹ́ẹ̀jì Corley níhìn-ín ní Mississippi, níbi tí òógùn ọgọ́rùn-ún ọkùnrin ti ń rùn láti àárọ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Àǹtí Ardella Pruitt lẹ máa bá níbẹ̀. Ẹ máa bá èmi náà, Hollis Gandy, nídìí ẹ̀rọ, ṣùgbọ́n èmi ò já mọ́ nǹkan kan nínú ọ̀rọ̀ yìí, àfi nǹkan kékeré kan tí mo ṣe, tí màá sọ nígbà tó bá yá.

Ọmọ ọdún méjìlélógún ni Àǹtí nígbà tó kọ́kọ́ wọ ilé ìfọṣọ yẹn. Ó ní oṣù mẹ́ta péré lòun máa lò, títí òun á fi ṣègbéyàwó. Ó ṣègbéyàwó náà, ó fẹ́ Royce tó ń wa ọkọ̀ tó ń kó adìẹ, Royce kú, aṣọ ìgbéyàwó ò gba obìnrin náà mọ́, ó ṣì wà níbẹ̀. Ọdún kejìdínlógójì rèé. Ó kúrú, ó sanra díẹ̀, ó fi okùn bàtà so awò ojú ẹ̀ kọ́ ọrùn, kò sì tíì jókòó wo eré bọ́ọ̀lù kan, èyí tí àwa ará Amẹ́ríkà ń fọwọ́ jù, parí rí láyé ẹ̀. Lọ́jọ́ eré, tí gbogbo ìlú bá ń pariwo lókè orí wa tí àjà ń mì, tówẹ̀lì ni Àǹtí á máa tò. Tí mo bá ní, "Àǹtí, àwa là ń borí o," á ní, "Ṣé ẹrẹ̀ pọ̀ lórí pápá?" Tí mo bá ní ó pọ̀, á pòṣé.

Bí a ṣe ń ṣiṣẹ́ rèé. Ọmọ kọ̀ọ̀kan ní okùn tirẹ̀, okùn pẹlẹbẹ tó ní ìkọ́ lẹ́nu, tí wọ́n kọ nọ́ńbà ẹ̀ sí. Tó bá bọ́ aṣọ tán, á fi okùn gba inú síńgílẹ́ẹ̀tì, ṣòkòtò péńpé àti ìbọ̀sẹ̀, á sé e, á jù ú sínú ihò kan tó wà lára ògiri, á sì já bọ́ sọ́dọ̀ wa. A á fọ̀ ọ́ tòun ti okùn, a á gbé e kọ́ sára ìṣó nọ́ńbà ẹ̀ níta, olówó ẹ̀ á wá mú un. A kì í rí ojú wọn rárá. Ìdọ̀tí wọn nìkan là ń rí.

Ìdọ̀tí yẹn sì ni Àǹtí fi ń mọ ìwà. Ọmọ tó bá yí ìbọ̀sẹ̀ ẹ̀ sí ojú rere kó tó fi okùn gbà á, tó yọ tépù ẹsẹ̀ kúrò níbẹ̀, Àǹtí ní ọmọ yẹn rántí pé ọwọ́ ẹnìkan ló máa kàn án. Èyí tó bá kó gbogbo ẹ̀ wá ní rùdurùdu, tí tépù ṣù sínú ìbọ̀sẹ̀ bí ìgbẹ́ ewúrẹ́, Àǹtí ní kò sẹ́ni tí ìyẹn máa rántí láyé. Mo ti bá a jiyàn títí ó fi rẹ̀ mí. Mo ní, "Àǹtí, ìbọ̀sẹ̀ mà ni." Ó ní, "Ìwọ Hollis, mo ti rí ìbọ̀sẹ̀ tìẹ náà. Jọ̀ọ́, dákẹ́."

Báyìí ni òkìkí ẹ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀. Amí kan láti ẹgbẹ́ ńlá kan, àwọn tí wọ́n máa ń rán wá wo ọmọ kí wọ́n tó yàn án, sá òjò wọ ọ̀dọ̀ wa lọ́jọ́ kan. Láti fi ṣe yẹ̀yẹ́, ó bi Àǹtí nípa ọmọ kan tí gbogbo ìwé ìròyìn ń gbé gẹ̀gẹ̀. Àǹtí ní, "Èyí tó ń jí ìbọ̀sẹ̀ àwọn ẹlẹ́gbẹ́ ẹ̀ yẹn?" Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú ẹ̀. Wọ́n yan ọmọ náà. Kò pé ọdún kan tí wọ́n ká a mọ́ ibi tó ti ń ta akoto àwọn ẹlẹ́gbẹ́ ẹ̀ ní ẹ̀yìnkùlé ilé epo. Láti ìgbà náà, tó bá ti di ìgbà ìrúwé, àwọn amí á gba iwájú ọ́fíìsì kóòṣì kọjá, wọ́n á gbé páálí dónọ́ọ̀tì lọ́wọ́, wọ́n á wá jókòó sórí àga tó ṣẹ́ lẹ́sẹ̀ kan nílé ìfọṣọ, wọ́n á sì bi Àǹtí ní ìbéèrè kan ṣoṣo: irú ènìyàn wo ni? Ọmọ mẹ́rìndínlógún ló ti sọ̀rọ̀ lé lórí. Kò ṣì í rí. Kì í fọ́nnu nípa ẹ̀ o, ṣùgbọ́n ó ń tọ́jú àwọn páálí òfìfo yẹn sórí pẹpẹ, ó tò wọ́n bí ẹni to ìwé ẹ̀rí.

Jarrick Tolliver wá dé.

Ajùbọ́ọ̀lù ni, ẹni tí bọ́ọ̀lù máa ń kọ́kọ́ dé ọwọ́ ẹ̀, tí gbogbo ẹgbẹ́ ń wojú ẹ̀. Ó ti kúrò ní kọ́lẹ́ẹ̀jì méjì kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ bá àwọn oníròyìn sọ̀rọ̀, oòrùn oṣù kẹjọ ń sun ènìyàn bí àkàrà, ó wọ ẹ̀wù onírun ẹranko wá, ó ní àánú wa ló ṣe òun lòun ṣe wá. Nígbà tí a lu àwọn ará òdìkejì odò, ó gun ère tó wà lẹ́nu ọ̀nà kọ́lẹ́ẹ̀jì wọn, ó jókòó sí i léjìká, ó ń jẹ ẹja díndín níbẹ̀ títí wọ́n fi pe ọlọ́pàá. Wọ́n ní kí kóòṣì wa sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán, Jarrick yọ orí sí i lẹ́yìn, ó ní, "Tí bàbá yìí bá mọ iṣẹ́ ni, mi ò ní máa sáré tó báyìí." Níbi tí wọ́n ti ń gẹ irun fún mi, ìyá ìjà ni orúkọ ẹ̀. Àwọn kan ní irú ọwọ́ yẹn kò sí mọ́ ní Amẹ́ríkà, ó máa di ọba. Àwọn kan ní àgbá òfìfo ni, pé ọdún méjì, ó ti dẹni tó ń ta mọ́tò. Wọ́n ń pe rédíò láti àárọ̀ ṣúlẹ̀ tìtorí ẹ̀. Èmi? Mi ò fẹ́ rí i sójú. Lọ́jọ́ tó pàdé mi lọ́nà, ó ní, "Bàbá, ẹ rọra fọ tèmi, kì í ṣe aṣọ mẹ̀kúnnù o." Ìdọ̀tí wà léékánná mi lọ́wọ́ lọ́jọ́ yẹn, ojú sì tì mí, ohun tó bí mi nínú nìyẹn.

Nọ́ńbà mẹ́sàn-án ni Jarrick ń wọ̀. Ẹlòmíràn náà sì ń wọ mẹ́sàn-án. Ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, ọmọ pọ̀ ju nọ́ńbà lọ, wọ́n lè fún ọmọ méjì ní ọ̀kan náà, tí wọn ò bá ti ní í jọ wà lórí pápá pọ̀. Jarrick wà lára àwọn tó ń gbé bọ́ọ̀lù lọ síwájú, okùn pupa ni tiwọn. Mẹ́sàn-án kejì wà lára àwọn tó ń dènà, okùn funfun. Ellery lorúkọ ìyẹn. Ọmọ àbúrò Àǹtí tó ti kú ni, òun ló sì tọ́ ọ láti ọmọ ọdún méjìlá. Ọmọ jẹ́jẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni mà, rárá mà. Ó máa ń kúnlẹ̀ gbàdúrà ní igun pápá, àwọn ayàwòrán á sì yà á. Àwọn amí ń wo òun náà, wọn ò wò ó bíi ti Jarrick, ṣùgbọ́n wọ́n ń wò ó.

Nílé, Ellery kì í yí ìbọ̀sẹ̀, Àǹtí ló ń yí i fún un. Ṣùgbọ́n ohun tó jẹ́ ayọ̀ ẹ̀ jù láyé ni pé láti bí ọdún méjì, okùn nọ́ńbà mẹ́sàn-án funfun ń dé ní mímọ́ tónítóní: ìbọ̀sẹ̀ yí sójú rere, kò sí tépù, síńgílẹ́ẹ̀tì nà gbọọrọ. Àǹtí jẹ́rìí ẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ọlọ́run ló gbọ́. Ó dìde lójú gbogbo ìjọ, ó dúpẹ́ pé Olúwa ti yí ọmọ òun padà, bẹ̀rẹ̀ láti ibi ìbọ̀sẹ̀. Pásítọ̀ sáré ní ká kọrin.

Okùn nọ́ńbà mẹ́sàn-án pupa ńkọ́? Ẹ fi sílẹ̀. Ìbọ̀sẹ̀ tó le gbandi, tépù, èèpo ọsàn, ìgbà kan egungun adìẹ wà níbẹ̀. Àǹtí á fi ìka méjì gbé e, á ní, "Ẹ wo ọba yín."

Nígbà tí Krantz wá ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹrin, àgbà nínú àwọn amí, ẹni tó ti ń jókòó lórí àga tó ṣẹ́ lẹ́sẹ̀ yẹn fún ogún ọdún, Àǹtí ti ní ọ̀rọ̀ nílẹ̀ dè é.

Krantz ní, "Mo ti rí ọwọ́ ẹ̀. Mo ti wọn gíga ẹ̀, ó kúrú díẹ̀, ìyẹn ò pa ẹnikẹ́ni. Ohun tí mi ò rí nǹkan fi wọ̀n ni bóyá ọmọ yìí máa jí lọ síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, tí wọ́n bá ti nà án bí ẹní máa kú lọ́jọ́ Àìkú."

Àǹtí jẹ dónọ́ọ̀tì ẹ̀ tán ná. Ó nu ẹnu. Ó ní, "Ọ̀gbẹ́ni Krantz, tí ẹ bá gbé ọmọ yẹn lọ sílé, ẹlẹ́dẹ̀ lẹ gbé sí pálọ̀."

Krantz kò rẹ́rìn-ín. Ó kọ ọ́ sílẹ̀. Ó wá ní, "Ellery tiyín ńkọ́?"

"Ẹ má bi mí nípa ọmọ mi," ni Àǹtí wí, "kí wọ́n má ní mo ń polówó." Ó sì polówó ẹ̀ fún bíi ogún ìṣẹ́jú. Krantz kọ ìyẹn náà sílẹ̀.

Ọjọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ tí wọ́n máa yan àwọn ọmọ gan-an ni ọ̀rọ̀ bẹ́ sílẹ̀. Ọjọ́bọ̀ ni àwọn ẹgbẹ́ ńlá máa bẹ̀rẹ̀ sí í pe orúkọ, àwọn tó dára jù ni wọ́n sì ń kọ́kọ́ pè. Ẹnìkan nínú àwọn ọmọ tó sanra ti ki odidi ìrọ̀rí bọ inú ihò ògiri, ihò sì dí, gbogbo wọn wá ní láti máa fọwọ́ gbé okùn wọn wá sí ẹnu ọ̀nà. Bí Jarrick ṣe dé nìyẹn, ó ń jẹ ṣingọ́ọ̀mù, fóònù wà létí ẹ̀. Ó ju okùn sórí tábìlì níwájú Àǹtí, ó ti ń lọ.

Àǹtí wò ó. Ìbọ̀sẹ̀ yí sójú rere. Kò sí tépù. Síńgílẹ́ẹ̀tì nà gbọọrọ.

"Ìwọ," ló wí, "kí lo ń fi okùn Ellery ṣe?"

"Ellery wo? Tèmi mà ni."

"Má parọ́ fún mi, Jarrick. Okùn ọmọ mi ni mo mọ̀ yìí."

Jarrick gbé fóònù kúrò létí. Ó mú okùn náà, ó yí abẹ́ ẹ̀ síta, ó sì fi hàn án. Ó ti fi yíǹkì dúdú kọ ọ́ síbẹ̀: ỌBA. Ó ya adé lé e lórí. "Ṣé Ellery ló máa kọ ìyẹn ni, Àǹtí?" Ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Àǹtí gbé okùn náà dání. Ó lọ sídìí ìṣó nọ́ńbà mẹ́sàn-án, ó mú okùn kejì, èyí tó ń gbé egungun adìẹ wá. Ó yí abẹ́ ẹ̀. Àgbélébùú kékeré wà níbẹ̀, E.P. sì wà lábẹ́ ẹ̀. Èmi fúnra mi rí i. Àǹtí jókòó sórí àga tó ṣẹ́ lẹ́sẹ̀ yẹn, tí òun kì í jókòó lé.

Wàyí o, ó ti yá tí màá sọ tèmi. Lọ́dún méjì ṣáájú, lọ́jọ́ Ẹtì kan tí ẹja ń jẹ ìwọ̀ lódò bí ẹni pé wọ́n fi ìwé pè wọ́n, mo fẹ́ tètè kúrò níbi iṣẹ́. Mo da gbogbo okùn, àti pupa àti funfun, sínú ẹ̀rọ kan ṣoṣo pọ̀ mọ́ àwọn jẹ́sì pupa àtijọ́, mo sì tan omi gbígbóná sí i. Nígbà tí mo rí ohun tó ń ṣẹlẹ̀, mo da bílíìṣì sí i láti fi tún un ṣe. Gbogbo wọn jáde ní àwọ̀ erìgì. Mo sọ fún Àǹtí pé ọjọ́ ló ti pẹ́ lórí wọn. Àwọn nọ́ńbà yòókù ò ní wàhálà, ẹnìkan ṣoṣo ló ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mẹ́sàn-án nìkan ló jẹ́ ti ẹni méjì. Àǹtí gbé méjèèjì dání, ó bi mí, "Hollis, èwo ni pupa nínú wọn?" Ẹsẹ̀ mi kan ti wà lẹ́nu ọ̀nà. Mo nawọ́ sí ọ̀kan, Àǹtí sì so òwú pupa mọ́ ọn. Àwọn ọmọ yẹn mọ tiwọn lára ìṣó, àmì wọn wà lábẹ́ ẹ̀. Àwa la ò mọ̀. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a. Tèmi ò tiẹ̀ lo ju ọdún méjì lọ.

Mo wo Àǹtí níbi tó jókòó sí. Mi ò sọ fún un. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í tún tówẹ̀lì tò, tówẹ̀lì tó ti wà ní títò tẹ́lẹ̀.

Ó ní kí wọ́n bá òun pe Ellery. Ọmọ dé, ó fẹnu kò ó ní ẹ̀rẹ̀kẹ́. Àǹtí gbé okùn sókè.

"Ṣé tìẹ nìyí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni mà."

"Báyìí lo ṣe ń gbé e wá láti ọjọ́ yìí?"

Ellery wo ìbọ̀sẹ̀, ó wo Àǹtí. Kò sí àrankàn kankan lójú ẹ̀, ìyẹn ló dùn mí jù. Ó ní, "Àǹtí, mo rò pé iṣẹ́ yín ni."

Àǹtí ní kó máa lọ. Nígbà tó lọ tán, mo bá a sọ òótọ́ ọ̀rọ̀, ìyẹn ni pé mo gbà á nímọ̀ràn burúkú. Mo ní, "Àǹtí, ẹ fi í sílẹ̀. Ta ló máa mọ̀? Tí ẹ bá pe Krantz pé Jarrick kọ́ ló ni ẹ̀gbin, ó máa béèrè pé ta ló wá ni ín. Ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíràn."

"Ìlẹ̀kẹ̀ kọ́ lèyí, Hollis," ló dá mi lóhùn. "Ẹ̀gbin ọmọ mi ni mo kó sídìí ọmọ ọlọ́mọ."

Ó bọ́ épúróònù ẹ̀. Ọdún méjìdínlógójì, mi ò rí i kó bọ́ épúróònù ṣáájú aago mẹ́ta rí. Yàrá oúnjẹ ló lọ, èmi náà tẹ̀ lé e, torí ara mi ò balẹ̀. Jarrick nìkan ló wà nídìí tábìlì kan, búrẹ́dì àti ọbẹ̀ gíréfì wà níwájú ẹ̀, ó gbé ẹsẹ̀ méjèèjì lé àga ẹlòmíràn. Àǹtí gbá ẹsẹ̀ ẹ̀ dànù, ó jókòó.

"Kí ló dé tí o fi ń yí ìbọ̀sẹ̀ ẹ?" ló bi í.

"Tí mi ò bá yí i, ẹ kì í fọ inú ẹ̀ dáadáa," ni Jarrick wí. "Ẹsẹ̀ máa ń hún mi."

Ẹ ò rí i? Mo ti ń retí kó sọ pé ìyá òun náà ń fọṣọ fún ènìyàn, tàbí pé àánú wa ń ṣe òun. Ẹsẹ̀ ló ń hún un. 

Àǹtí ní, "Mo sọ fún Krantz pé ẹlẹ́dẹ̀ ni ẹ́. Okùn ẹlòmíràn ni mo wò tí mo fi sọ bẹ́ẹ̀."

Jarrick fi búrẹ́dì nu gíréfì. "Ẹni mélòó lẹ sọ ọ́ fún?"

"Ẹnìkan."

"Ẹ ṣeun. Orí rédíò ni àwọn yòókù ti ń sọ tiwọn." Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín yẹn tó ń bí gbogbo ayé nínú. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rín náà kúrò lójú ẹ̀, ó gbé búrẹ́dì sílẹ̀, ó sì wo Àǹtí. "Àwọn yẹn, mo mọ ohun tí mo ṣe wọ́n. Mo bú kóòṣì wọn, mo jẹ ẹja lórí ère wọn. Ẹ̀yin, Àǹtí, kí ni mo ṣe yín?"

Àǹtí ronú. Mo rí i pé ó ń wá a lóòótọ́, ó ń wá nǹkan kan tí ọmọ yẹn ṣe é láàárín ọdún méjì. Kò rí i. Èmi náà bá a wá a. Gbogbo ohun tí ọmọ yẹn ti ṣe sílé ìfọṣọ ò ju pé ó pè mí ní bàbá, ó sì ní kí n rọra.

"O ò ṣe mí ní nǹkan kan," ni Àǹtí wí. "Má bínú."

"Ó ti tán," ni Jarrick wí, ṣùgbọ́n kò gbé búrẹ́dì yẹn mọ́.

A padà sílé ìfọṣọ. Àǹtí gbé fóònù orí ògiri, ó tẹ nọ́ńbà Krantz, ohùn ọkùnrin yẹn sì máa ń dún bíi jẹnẹrétọ̀, mo gbọ́ gbogbo ẹ̀ láti ìdí ẹ̀rọ. Àǹtí ò yí ọ̀rọ̀ po. Ó ní òun ṣì í wò, okùn Jarrick ló mọ́, kí ó pa ọ̀rọ̀ ẹlẹ́dẹ̀ yẹn rẹ́.

Krantz ní, "Ta ló wá ni èyí tó dọ̀tí?"

Mo gbàdúrà kí iná lọ. Iná ò lọ.

"Ellery ni," ni Àǹtí wí. "Ọmọ mi ni. Kì í ṣe ọmọ burúkú, Ọ̀gbẹ́ni Krantz. Èmi ni mi ò kọ́ ọ."

"Báwo ló ṣe wá ṣẹlẹ̀ tí ẹ fi pa méjèèjì dà?"

Àǹtí gbé ojú sókè, ó wò mí. Ó wò mí pẹ́. Mo yí ojú sí ẹ̀rọ.

"Ojú mi ni," ló wí. "Mo ti ń dàgbà."

Krantz mí kanlẹ̀. Ó ní òun ti fi ìwé òun sílẹ̀ fún àwọn ọ̀gá òun, òun á lọ bá wọn, òun á sọ ọ́. "Ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ pé wọ́n máa bi mí pé ta ló sọ ti tẹ́lẹ̀, ta ló tún wá ń sọ èyí. Wọn ò ní í jẹ́ kí n dárúkọ yín síbẹ̀ mọ́ láéláé, Àǹtí Ardella."

"Mo mọ̀."

Ó gbé fóònù kọ́, ó de épúróònù ẹ̀ padà, ó ní tówẹ̀lì tí mo tò yẹn wọ́.

Lọ́jọ́bọ̀ wọ́n pe ọmọ méjìlélọ́gbọ̀n, orúkọ Jarrick ò sí níbẹ̀. Àwọn oní rédíò yọ̀ bí ẹni jẹ tẹ́tẹ́. Lọ́jọ́ Ẹtì, ní ìpele kẹta, ẹgbẹ́ Krantz pè é. Ó tún ti wọ ẹ̀wù onírun ẹranko yẹn. Wọ́n gbé gbohùngbohùn sí i lẹ́nu, wọ́n ní ọ̀pọ̀ ènìyàn ń ṣiyè méjì nípa ìwà ẹ̀, kí ló fẹ́ sọ fún wọn? Ó wo inú kámẹ́rà, ó ní, "Kí wọ́n lọ bi àwọn tó ń fọ ìbọ̀sẹ̀ mi. Wọn kì í fọ̀ ọ́ dáadáa, ṣùgbọ́n wọ́n mọ̀ mí."

Ẹnikẹ́ni ò pe Ellery. Mi ò mọ̀ bóyá ọ̀rọ̀ Àǹtí ló fà á, tàbí pé kò yára tó ni. Òun gbà pé ọ̀rọ̀ Àǹtí ni. Ó lọ gbá bọ́ọ̀lù ní Kánádà, kò sì pe Àǹtí títí Kérésìmesì fi kọjá. Nígbà tó wá pè, ohun tó béèrè ni bí wọ́n ṣe ń yọ àbàwọ́n koríko. Àǹtí ṣàlàyé fún un fún wákàtí kan, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún, ó sì ń bú u.

Ẹ má bi mí bóyá Jarrick máa di ẹni ńlá. Ní oṣù kẹwàá ó bú kóòṣì ẹ̀ tuntun, wọ́n fi í jókòó sí ẹ̀gbẹ́ pápá. Ní oṣù kọkànlá ẹni tó gbapò ẹ̀ fẹsẹ̀ rọ́, ó bọ́ sí pápá, ó gbé wọn borí lẹ́ẹ̀mẹta léra. Ní oṣù kejìlá wọ́n nà wọ́n bí ẹní máa kú. Níbi tí wọ́n ti ń gẹ irun fún mi, wọ́n ṣì ń jà.

Ìgbà ìrúwé tún dé. A gbọ́ bàtà àwọn amí ní ọ̀nà, a gbọ́ ohùn Krantz pàápàá. Wọ́n gba iwájú ilẹ̀kùn wa kọjá, wọ́n lọ bá obìnrin tó ń dín adìẹ ní ilé ìdáná. Àǹtí ń yí ìbọ̀sẹ̀. Kò gbé orí sókè.

Mo yọ́ jáde. Mo ra páálí dónọ́ọ̀tì kan, mo gbé e wá sórí tábìlì níwájú ẹ̀, mo jókòó sórí àga tó ṣẹ́ lẹ́sẹ̀.  Àǹtí ṣí páálí. Ó yan èyí tó ní jáàmù pupa nínú, ó gé e jẹ, ó jẹ ẹ́ jẹ́jẹ́.

"Mo mọ̀ pé ìwọ ni," ló wí. "Mo bi ọ́ lọ́jọ́ yẹn pé èwo ni pupa. O nawọ́ sí ọ̀kan, ẹja sì wà lọ́kàn ẹ."

 Mo ní, "Kí ló wá dé tí ẹ ò sọ fún Krantz? Ẹ̀ bá sọ fún un. Wọn ì bá ṣì máa wá sọ́dọ̀ yín."

Ó nu ṣúgà kúrò ní ìka ẹ̀.

"Okùn lo fi hàn mí, Hollis. Ìwọ kọ́ lo pe ọmọ ọlọ́mọ ní ẹlẹ́dẹ̀." Ó ti páálí náà sọ́dọ̀ mi. "Mú ọ̀kan. Kí o sì lọ wẹ ọwọ́ ẹ ná."